Ọjà Ọrún Nínú Fóònù

Mo ń pààrọ̀ ewé inú apẹ̀rẹ̀ obì lọ́wọ́ nígbà tí ìyá arúgbó kan wọlé. Mo ti pààrọ̀ ewé apẹ̀rẹ̀ yẹn kan náà láàárọ̀, kò sì sí ohun tó tún ṣe é. Ara mi ni kò balẹ̀, ọwọ́ mi ń wá nǹkan ṣe. Mo da obì gbànja sílẹ̀ lórí ẹní, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wò lẹ́yọ lẹ́yọ, mo ń wá ihò kòkòrò lára wọn, mo ń tò wọ́n padà sínú ewé tútù. Ní yàrá kejì, mo ń gbọ́ bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tó bá ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀. Tó bá dákẹ́, èmi náà á dá ọwọ́ dúró.

Ọjọ́bọ̀ ni. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn olóbì máa ṣèpàdé nílé ìyá ẹgbẹ́, tí kò jìnnà sí ilé wa ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, ọmọ náà sì máa fi áàpù tó ti ń ṣe láti oṣù mẹ́rin hàn wọ́n. Bí wọ́n bá gbà á, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá gbà á, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Ògijó, níbi tí bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ti bá a rí àyè nídìí kíka páálí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ìkà. Oṣù mẹ́rin ló fún un, oṣù mẹ́rin sì ti pé. Aṣọ iṣẹ́ náà ti dé, aláwọ̀ búlúù, ó rọ̀ lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. N kò rí i kó wò ó rí. Ó kàn máa ń ṣí ilẹ̀kùn gbayawu títí ilẹ̀kùn náà á fi bo aṣọ náà mọ́ ara ògiri.

Ohun tí áàpù náà wà fún kò le láti ṣàlàyé. Àwa tí à ń ta obì ní Ṣàgámù, abúlé la ti ń rà á, abúlé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ ọjà tirẹ̀. Oníbàárà tó wà lọ́nà jíjìn kò mọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Á pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi á pe ará abúlé, ará abúlé kò ní gbé fóònù. Pẹ̀lú áàpù yìí, oníbàárà á rí ọjọ́ tí ọjà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, á sọ iye apẹ̀rẹ̀ tó fẹ́, awakọ̀ á sì mọ ọjọ́ tí òun máa lọ kó o.

Ìdánwò ni iṣẹ́ tèmi níbẹ̀. Ọmọ náà ló bẹ̀ mí. Ó ní ẹni tó ṣe nǹkan kì í rí àléébù ohun tó ṣe, òun sì ti ń wo bí mo ṣe ń ṣa obì láti kékeré. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò lọ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè kọ ohun tí mo bá rò sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo sì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ òdo apẹ̀rẹ̀, kí ni áàpù máa sọ fún un? Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ kọ igba dípò kó fi nọ́ńbà kọ ọ́ ńkọ́? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá há, tó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé apẹ̀rẹ̀ méjì ni àbí ọ̀kan? Bí ó bá mú ọjọ́ ọjà tó ti kọjá lánàá? Ní ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ìdáhùn tó yẹ kí áàpù fún wa. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ìbéèrè mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà nínú ìwé náà.

Kì í ṣe àwa la máa ń bi áàpù ní ìbéèrè ọ̀hún. Ọmọ náà á sọ wọ́n di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Nígbàkígbà tó bá sì yí ohunkóhun padà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, á tì í lọ, ìyẹn ni pé á fi ránṣẹ́ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀rọ kan tó wà níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ á gbà á, á kọ́ gbogbo áàpù náà láti ìpìlẹ̀ bí ẹni pé kò sí i rí, á wá bi í ní gbogbo ìbéèrè mi, láti orí èkíní dé orí ìkẹyìn. Bí ó bá yege nínú gbogbo wọn, àmì tó wà lójú kọ̀ǹpútà á di àwọ̀ ewé, áàpù tuntun á sì lọ bá àwọn tó ń lò ó lórí fóònù wọn fúnra rẹ̀. Bí ó bá kùnà nínú ẹyọ kan, àmì á pọ́n, kò sì sí ohun tó máa kọjá. Páìpù ni ọmọ náà ń pè é, nítorí pé òpin kan ni iṣẹ́ ń gbà wọlé, tó ń gba òpin kejì jáde.

Orúkọ yìí dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìnkùlé, ó ní, "Páìpù ti bẹ́ láti àárọ̀, mi ò tíì mọ ẹni tó bà á jẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé ìwẹ̀, ó gbọ́. Níbi tí à ń gbé yìí, tí páìpù epo ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sọ sókè. Ó sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó ní kó gbé fóònù náà sílẹ̀, kó sọ ibi tó ti gbọ́ ọ fún òun, kó sì sọ ẹni tó tún mọ̀ sí i. Ó pẹ́ kó tó gbà pé kò sí epo nínú páìpù ọmọ òun. Láti ọjọ́ náà, tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, èmi ló máa ń bi léèrè, á ní, "Epo yín ńkọ́, ṣé ó ń ṣàn?"

Ìṣẹ́jú méje ni páìpù náà máa ń gbà. N kò mọ bí ìṣẹ́jú méje ṣe gùn tó tẹ́lẹ̀. Àmì róbótó kan á máa yí lójú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ìyeyè tó pọ́n. Ọmọ náà lè jókòó tì í, kó máa wò ó. Ìdí tèmi kì í gba àga. Mo ti gbá àgbàlá tí kò dọ̀tí nítorí ìṣẹ́jú méje yẹn, mo ti bu omi sínú àmù tó kún.

Ó wá jẹ́ pé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, àwọ̀ ewé la ń rí. Ìbéèrè mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, wọ́n yege ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó yẹ kí n sinmi. N kò lè sọ ìdí tí n kò fi sinmi. Ẹni tó bá ti ṣa obì fún ogún ọdún mọ̀ pé èyí tó ń dán jù nínú apẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn tún tẹ̀ wò.

Ìyá tó wọlé bá mi yẹn, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ tí à ń ra obì lọ́wọ́ wọn ni, láti abúlé kan lọ́nà Ìkẹ́nné. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí bàbá bàbá mi tó bẹ̀rẹ̀ òwò obì. Ó wá gba apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un lómi. Ó ní òun kò ní pẹ́, pé ọ̀la lọjà àwọn, òun sì fẹ́ bó obì òun tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo sọ fún un pé ọ̀túnla ni.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá àgbà jiyàn. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọmọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọjọ́ tòótọ́ sí orí ọjà abúlé kọ̀ọ̀kan. Mo ti wò ó. Àbámẹ́ta ni mo rí lórí ti abúlé ìyá náà. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó ti apẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló ń lọ sí ọjà abúlé. Obì ló ń wá bá mi nílé. Mo mọ̀ pé ọrún ni ọjà wọn, bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n. N kì í tọ́jú ọjọ́ tó bọ́ sí sọ́kàn.

"Màmá, Àbámẹ́ta ni o," mo ní. "Ó wà níbí."

Ìyá náà wo fóònù, ó wo ojú mi.

"Fóònù rẹ ló dá ọjà wa sílẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi sùúrù ṣàlàyé pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n ná èyí tó kọjá, pé ọrún ni ọjà wọn, pé tí a bá sì ka ọjọ́ márùn-ún sí ọjọ́ Ajé, Àbámẹ́ta la máa bá. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka kò láti orí ọmọńdinrín.

"Ajé, ení. Ìṣẹ́gun, èjì. Ọjọ́rú, ẹ̀ta. Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rin. Ẹtì, àrún." Ó di ọwọ́ náà, ó gbé e sójú mi. "Ìwọ ńkọ́, ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tìrẹ?"

Ìṣẹ́gun ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Obì kan wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn: ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni ení. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé yàtọ̀: ọ̀la ni kìíní. Mo mọ méjèèjì, n kò sì ronú kan èyí tí mò ń lò. Mo wọlé lọ mú ìwé mi, mo ṣí i sí ojú ìwé kẹsàn-án. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: Ọjà abúlé, ọrún. Ọjọ́ karùn-ún ni kó padà. Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn náà. Ọmọ náà kà á, ó kà á bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó sì ní kí áàpù fi márùn-ún kún ọjọ́ ọjà. Lẹ́yìn náà ló tún fi gbólóhùn yẹn kan náà kọ ìdánwò. Ìbéèrè àti ìdáhùn jáde láti ẹnu kan ṣoṣo, ṣé wọn kò ní bá ara wọn mu? Páìpù kò purọ́ fún wa. Ohun tí a rán an ló jẹ́.

Mo sọ fún un. Ọmọ náà yí àga rẹ̀ padà.

"Àǹtí, ẹ ní márùn-ún."

"Márùn-ún ni."

"Mẹ́rin ni màmá kà yẹn o. Láti Ajé sí Ẹtì, mẹ́rin ni."

"Márùn-ún là ń pè é. Mẹ́rin ni iye rẹ̀."

Ìyá náà sọ láti pálọ̀ pé kí a má pín ọjà àwọn mọ́ àwọn lọ́wọ́, kí a fún òun ní apẹ̀rẹ̀ òun kí òun máa lọ. Mo kó apẹ̀rẹ̀ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ohun tí mo ṣe fún òun, ọjà àwọn ni mo fẹ́ gbé sá lọ.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ọmọ náà ní láti yí padà, márùn-ún sí mẹ́rin. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó wá fẹ́ tì í lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa náà sì ti dákẹ́. Ó gbé fóònù sókè, ó jáde sí òpópónà, ó padà. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìpàdé á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Bí a bá lọ bẹ́ẹ̀, Àbámẹ́ta ló máa wà lórí fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí ọmọ náà ti fi áàpù sí fún wọn ṣáájú, àwọn tó ń ná ọjà náà gan-an ló sì máa rí i.

Ó ní òun ń lọ sí Ìlíṣàn. Ìyá onílé tó fún un ní yàrá gbé nígbà tó wà ní yunifásítì ṣì fẹ́ràn rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé náà kì í sì í já, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní gbà. Mo da àpò tútù bo obì tó wà lórí ẹní, mo mú ìwé mi, mo tẹ̀ lé e. Kò ní kí n wá. N kò béèrè.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní wọ́n ti ń to àga, ó sì béèrè pé ṣé epo wa ń ṣàn. Mo ní ó ń ṣàn. Ọkọ̀ ńlá kan ti dí ọ̀nà níwájú, a jókòó sínú oòrùn, ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan, ó ń fi ìka lu ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń ka àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ láti fẹsẹ̀ rìn. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi iye wọn ṣe.

Aago méjì ti lù kí a tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá onílé náà. Ó tì í lọ. Àmì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo dìde, mo rìn dé ẹnu géètì, mo padà. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó pọ́n.

Ìbéèrè mọ́kànlá ló kùnà. Ọmọ náà kà wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín tí kò dénú.

"Àǹtí, ìdánwò yín ló dá wa dúró. Áàpù ti mọ òótọ́ o. Ìdánwò ló ní irọ́ ló ń pa."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Níbi mọ́kànlá nínú ìwé mi, márùn-ún ni mo fi ṣírò. Nígbà tí a ṣì wà nínú àṣìṣe, wọ́n ń jẹ́ kí a kọjá; nígbà tí a wá gba ọ̀nà, wọ́n dí i mọ́ wa. Ọmọ náà ní òun máa yọ àwọn ìdánwò náà kúrò fún ọjọ́ náà nìkan, kí iṣẹ́ lè kọjá, tó bá di ọ̀la a ó tún wọn ṣe. Mo ní rárá. Ó ní kí n wo aago. Mo ní mo ti wò ó.

"Bí o bá yọ wọ́n, kí wá ni páìpù ń ṣọ́?"

Ó tú ìwé mi sí ojú ìwé kẹsàn-án, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Mo mú rúlà mi jáde, mo fa ìlà sórí ti àkọ́kọ́, mo kọ ọjọ́ tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kà á fún un, ó tẹ̀ ẹ́. A ṣe ìkejì. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ lórí ìka, bẹ̀rẹ̀ láti ọmọńdinrín, bí ìyá náà ṣe ṣe é. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tì í lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò rìn lọ síbi kankan. Mo ṣí ìwé náà sí ojú kejì, kí ojú mi má baà wà lára àmì tó ń yí. Ojú ìwé kẹwàá ni. Mo ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé: Àwọn ọjà ìsán, ọjọ́ kẹsàn-án ni kí wọ́n padà.

Mo ní kó dá a dúró. Ó ní ó ti ń lọ, ó ti yege nínú ogójì. Mo ní, "Ìsán ńkọ́?" Ó wò mí bí ẹni tí mo dà lómi. Ìdánwò ìsán kò pọ́n rí. Wọ́n yege láàárọ̀, wọ́n tún ń yege nísinsìnyí, nítorí kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìbéèrè wọn tàbí ìdáhùn wọn. Níbi tí a ti dúró, àmì náà di àwọ̀ ewé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọ̀ ewé dẹ́rù bà mí.

A tún jókòó. Ìsán, mẹ́sàn-án lẹ́nu, mẹ́jọ ní iye. Mo tún rí ẹyọ kan nísàlẹ̀, ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí a fi sínú áàpù. Ìtàdógún ni wọ́n ń pàdé. Mẹ́tàdínlógún lẹ́nu, mẹ́rìndínlógún ní iye. Èyí ni mo tètè rí jù, inú mi sì dùn pé ohun tí mo kọ́ ti yé mi. Mo fa ìlà, mo kọ ọ́. Ọmọ náà tì í lọ. Ìṣẹ́jú méje. Àwọ̀ ewé. A sáré wá ọkọ̀.

Wọ́n ti kírun tán nígbà tí a dé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí ogún ti jókòó, ìyá ẹgbẹ́ wà lórí àga onírọ̀gbọ̀kú, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìpàdé. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n bọ́ bàtà sí. Ọmọ náà kí wọn, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wo fóònù wọn. Ó pe ọjà abúlé ìyá arúgbó náà, Ẹtì ló jáde, àwọn tó máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì mi orí. Ó pe ọjà ìsán méjì, méjèèjì tọ̀nà. Obìnrin kan ní kó wo ọjà kẹta, ti abúlé ọkọ òun, fún òun, ó wò ó, obìnrin náà ní, "Háà, ó mọ ilé ọkọ mi," wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ìyá ẹgbẹ́ wá béèrè pé ìpàdé àwọn tó ń bọ̀ ńkọ́.

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àbámẹ́ta, mà."

Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹnì kan béèrè pé ẹgbẹ́ olóbì wo ló ń pàdé ní Àbámẹ́ta, àbí wọ́n ti sọ àwọn di ẹgbẹ́ ìnáwó. Ẹ̀gbọ́n mi gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́ yìí, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ìtàdógún tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kò wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo rí i pé ó ti parí ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀, ó ti dé Ògijó.

Ìyá ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé ta ló sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ìtàdógún. Ọmọ náà kò yí ojú sọ́dọ̀ mi. Ó fẹ́ gbà á sórí ara rẹ̀.

Mo dìde láàárín bàtà. N kò tíì sọ̀rọ̀ níwájú ogún ènìyàn rí, ohùn mi sì kéré débi pé wọ́n ní kí n tún un sọ.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo kọ ìdánwò. Ohun tí mo bá kọ ni ẹ̀rọ náà ń béèrè. Ọrún, mo kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń pè é, mo ṣì í. Ìtàdógún, mo kà á bí àwọn ìyá wa ṣe ń kà á, mo tún ṣì í. Iṣẹ́ ọmọ yìí kò ní àbùkù. Èmi ni n kò wá bi yín."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jókòó. Ìyá ẹgbẹ́ ní kó fi mí sílẹ̀. Ó bi mí pé bí mo bá wá béèrè, tí mo sì kọ ọ́, ṣé ẹ̀rọ náà kò ní gbàgbé. Mo ní kò lè gbàgbé, pé nígbàkígbà tí ọmọ náà bá fọwọ́ kan áàpù, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé mi ni ẹ̀rọ á tún bi í léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó kọjá bí ẹyọ kan bá yẹ̀.

Ó ronú sí i. Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ìtàdógún tiwa, ọ̀sẹ̀ méjì ni."

Mo kọ ọ́. Obìnrin kan ní kí n má gbàgbé pé ọjọ́ Iléyá, àwọn kì í lọ sí ọjà kankan, ọjà yòówù kó jẹ́. Mo kọ ọ́. Ọkùnrin kan ní bí orò bá ń jáde ní abúlé òun, wọ́n máa ń yẹ ọjà sí ọjọ́ kejì. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, wọ́n ń fò ó ni, wọn kì í yẹ̀ ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ìyá ẹgbẹ́ ní kí n kọ ti abúlé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn mi ń ro mí, n kò ráyè jókòó. Wọ́n ń bá ara wọn já ọ̀rọ̀ gbà, wọ́n ń na ọwọ́, wọ́n ń ká ìka, ojú ìwé mẹ́rin kún.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti padà. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tún ìtàdógún ṣe, ìdánwò lákọ̀ọ́kọ́, kó tó kan áàpù. Ó tì í lọ, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ bíi mélòó kan sì tẹ̀ sórí rẹ̀ láti wo àmì tó ń yí. Ìkan bi mí pé kí ló ń ṣe báyìí. Mo ní ó ń béèrè. Ó ní, "Ó mà ń béèrè gan-an o." Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó jókòó títí ìṣẹ́jú méje fi pé.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ jáde lórí fóònù ìyá ẹgbẹ́, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ẹgbẹ́ ti gba iṣẹ́ náà, àti pé ọmọ náà àti àǹtí rẹ̀ á máa wá jókòó ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ ohun tó bá yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pẹ́, ó tún un kà, kó tó pa ìwé náà dé.

Mo ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó jáde. Ó bọ ẹsẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó bọ ìkejì. Mo rò pé á bi mí nípa epo.

"Lọ́jọ́ Ajé, ìwọ lo máa lọ sí Ògijó lọ sọ fún wọn pé ọmọ náà kò wá mọ́," ó ní. "Ṣebí ẹnu rẹ ti là."